John Jones pọ̀ bí iyanrìn: báwo la ṣe ń wá ẹbí ọkọ nínú ìwé ìjọ abúlé Wales?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Cardiff ni mò ń gbé, ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ Wales sì ni ọkọ mi. Wọ́n ní kí ọmọ wa ya àwòrán ìran ẹbí rẹ̀ wá sí ilé ìwé. Tèmi kò le rárá. Mo pe màmá mi ní Òkè-Àdó, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ka orúkọ dé ìran karùn-ún, wọ́n tún fi oríkì dì í. Tọkọ mi ló dá mi lágara. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé bàbá ńlá wọn kan jẹ́ ará Llangeitho ní Ceredigion, pé àgbẹ̀ ni, pé John Jones lorúkọ rẹ̀. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, John Jones pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Àwọn kan ní kí n sanwó fún ìkànnì kan, kí n kàn da orúkọ sí i, yóò so ẹbí náà pọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yẹn, ṣé ẹni tí kò gbọ́ Welsh lè kà á? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

* * *

Àbúrò mi, ẹ má tíì yọ káàdì báńkì síta. Ìyàwó Wales ni èmi náà, abúlé kan ní Carmarthenshire ni ọkọ mi ti wá, láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi sì ti gbé àpótí ìwé kan lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ mo kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí Jones fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò kàn máa rìn kiri inú ìwé ni. Àwọn ará Wales àtijọ́ kò ní orúkọ ìdílé. Orúkọ bàbá ni wọ́n ń so mọ́ tọmọ: “ap” tàbí “ab” fún ọmọkùnrin, “ferch” fún ọmọbìnrin. Bí Hywel bá bí Rhys, Rhys ap Hywel ni. Bí Rhys náà bá bí Owain, Owain ap Rhys ni, Hywel ti bọ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó wá di pé ilé ẹjọ́ àti akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ orúkọ tí kì í yí padà, “ap” yẹn lẹ̀ mọ́ orúkọ. Ap Hywel di Powell, ap Rhys di Price, ap Huw di Pugh, ab Ifan di Bevan, ab Owain di Bowen. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Yunifásítì Bowen ní Ìwó, orúkọ òyìnbó Baptist tó dé ilẹ̀ wa ní 1850 lẹ fi ń yangàn, “ọmọ Owain” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. (Ẹ má bínú, mi ò lè ṣe kí n má sọ ìyẹn.)

Àwọn tí kò lo “ap” mọ́ fi “s” ti Gẹ̀ẹ́sì sí ìdí orúkọ bàbá. Ọmọ John di Jones, ọmọ Evan di Evans, ọmọ Dafydd di Davies, ọmọ William di Williams. Orúkọ ìrìbọmi tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un kò pọ̀, ibo ni orúkọ ìdílé yóò ti pọ̀? Àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ gba àṣà tuntun yìí. Ní ìgbèríko Ceredigion, àwọn tálákà àti àgbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyẹn ni pé bàbá John Jones yín lè máa jẹ́ John Evan, kí bàbá tirẹ̀ sì máa jẹ́ Evan Dafydd. Ìran mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, ẹbí kan ṣoṣo. Ẹ wá sọ fún mi bí ìkànnì tó ń fi orúkọ ìdílé so ènìyàn pọ̀ yóò ṣe mọ ìyẹn.

* * *

Mo rí i pé àwọn ènìyàn ti ń béèrè pé kí la wá máa fi wá wọn. Ẹ tẹ̀ lé ilé.

Nígbà tí gbogbo ayé bá ń jẹ́ Jones, kí ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ lọ́jà Tregaron, ìlú tó wà nítòsí Llangeitho? Oko kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, bó ti wù kó kéré tó, orúkọ oko yẹn ni wọ́n sì ń pè mọ́ ènìyàn. John tó ń gbé Pant-glas, John Pant-glas ni, ìyàwó rẹ̀ náà á sì máa jẹ́ Mary Pant-glas. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí àgbà kì í kí wa tán kó má béèrè agbo ilé wa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ní Wales, ilé là ń wò kí a tó gbà pé ọmọ náà jẹ́ tiwa.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà ràn wá lọ́wọ́. Láti 1813, òfin ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà máa kọ ìrìbọmi sínú ìwé tí wọ́n ti fa ìlà sí sílẹ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá. Ibi tí wọ́n ń gbé yẹn ni wúrà inú ìwé náà. Ṣáájú 1813, ọwọ́ àlùfáà ló wà. Òmíràn á kọ orúkọ oko, òmíràn á kọ “John ọmọ Evan Dafydd”, á pa ìwé dé, ó di ilé oúnjẹ.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan kí ojú yín lè máa dá orúkọ oko mọ̀. “Tŷ” ni ilé, “bryn” ni òkè, “cwm” ni àfonífojì, “nant” ni odò kékeré, “pant” ni ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọlé. “Hafod” ni ibi tí wọ́n ń da ẹran lọ nígbà ooru, “hendre” ni ilé tí wọ́n ń padà sí nígbà òtútù. Ní ti orúkọ ìjọ, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, “llan” ni ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká, orúkọ ẹni mímọ́ ló sì máa ń tẹ̀ lé e, àmọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹni mímọ́ náà lè yí padà. Mair, ìyẹn Màríà, di Llanfair. Dewi di Llanddewi. Mihangel, ìyẹn Máíkẹ́lì, di Llanfihangel, Llanfihangel sì pọ̀ ní Wales débi pé ẹni tó bá ní “Llanfihangel ni wọ́n ti bí bàbá wa” kò tíì sọ nǹkan kan. Èwo nínú wọn?

* * *

Ẹnì kan ní Swansea ti bọ́ sí mi lọ́rùn. Ó ní ilé kì í ṣe ẹ̀rí, pé ayálégbé ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, onílẹ̀ ńlá ló ni oko, ẹbí lè kó kúrò ní Pant-glas lọ́dún yìí kí Jones mìíràn tí kò bá wọn tan wọ ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Òtítọ́ ló sọ, àní orúkọ bíi Pant-glas tilẹ̀ lè wà ní ìjọ mẹ́ta tó múlé gbe ara wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi ilé nìkan ṣe é nìyẹn. Ilé, ìyàwó àti iṣẹ́, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Àwòrán ilẹ̀ ìdámẹ́wàá sì wà. Ní 1836 òfin sọ ìdámẹ́wàá tí àgbẹ̀ ń fi ọkà àti ẹran san di owó, wọ́n bá ya àwòrán ilẹ̀ ìjọ káàkiri, wọ́n kọ ìwé tẹ̀ lé e: ta ló ni ilẹ̀, ta ló ń gbé inú rẹ̀, kí lorúkọ pápá kọ̀ọ̀kan. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Wales ní Aberystwyth ti gbé ti Wales sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá ayálégbé ni bàbá yín tàbí onílẹ̀, kí ẹ sì mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Ará Swansea, ṣé ọkàn yín balẹ̀ báyìí?

* * *

Ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Láti 1 oṣù Keje 1837 ni ìjọba ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ló dára jù, torí ó máa ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Ìwé ikú kì í sọ òbí ẹni tó kú, ẹ má fowó yín jóná sídìí rẹ̀ bí òbí lẹ ń wá.

Bí ẹ bá ń wá ìbí, orí ìkànnì ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba náà, ẹ ó rí orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ láti 1837 láìsan kọ́bọ̀. Ẹ da Jones sí i, kí ẹ da orúkọ ilé bàbá ìyá sí i, wọn á dínkù lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ bí ìyá náà bá jẹ́ Jones láti ilé bàbá rẹ̀… ẹ̀rín nìkan ló kù.

Bí ẹ ò bá sì rí ọmọ kan rárá, ẹ má rò pé wọn ò bí i. Títí di 1875, kò sí ìyà fún òbí tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀, àwọn kan ò sì yọ ara wọn lẹ́nu.

* * *

Mo mọ̀ pé a máa dé ibí. Bàbá kan kọ̀wé nípa ṣápẹ́lì, ìyẹn ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni tí kò sí lábẹ́ Áńgílíkà, pé: “Ṣápẹ́lì ni gbogbo ará Wales ń lọ, kí lẹ ń wá nínú ìwé Áńgílíkà?”

Bàbá mi, ẹ dákun, ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Llangeitho gan-an ni ẹ máa fi wò ó. Ibẹ̀ ni Daniel Rowland ti wàásù tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀kan nínú orísun ìsọjí Mẹ́tọ́díìsì ní Wales. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé gbogbo ará ibẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti ìgbà yẹn. Rárá o. Àlùfáà Áńgílíkà ni Rowland fúnra rẹ̀, àwọn Mẹ́tọ́díìsì Wales kò sì yan àlùfáà tiwọn títí di 1811. Kó tó di ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ ni wọ́n sábà máa ń gbé ọmọ lọ fún ìrìbọmi. Àwọn Baptist àti Independent (àwọn tí ìjọ wọn ń ṣàkóso ara rẹ̀) ló ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́, àwọn Baptist kì í sì í ri ọmọdé bọmi, nítorí náà ẹ má retí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìgbéyàwó tún yàtọ̀ pátápátá. Láti 1754 títí di 1837, òfin kò mọ ìgbéyàwó kankan bí kò ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àfi ti àwọn Quaker àti àwọn Júù. Ẹlẹ́sìn ṣápẹ́lì tó le jù ní àgbègbè náà, ó dandan kó lọ dúró níwájú àlùfáà ìjọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ń bínú, àmọ́ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ẹlẹ́rìí méjì, ẹlẹ́rìí náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹbí.

Ìwé àwọn ṣápẹ́lì ńkọ́? Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 1837 àti 1840, ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew ni wọ́n wà báyìí, wọ́n sì ti yà wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ṣápẹ́lì kan kò kó tiwọn sílẹ̀. Òmíràn bọ́ sí àpótí pásítọ̀, ó bá pásítọ̀ lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, kí ẹlòmíràn má bàa jìn sí i.

Ìkànnì kan tí mo sanwó fún fi àwòrán ewé kékeré, àmì pé wọ́n rí nǹkan, hàn mí pé David Davies, bàbá ńlá ìyá ọkọ mi, ti rí ẹbí. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ti to gbogbo rẹ̀ jọ, ó dé 1690. Inú mi dùn débi pé mo se jọ́lọ́ọ̀fù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tẹ̀ lé David Davies yẹn, mo kó bàbá rẹ̀, mo kó bàbá bàbá rẹ̀, mo tilẹ̀ lọ ya fọ́tò oko wọn nínú òjò. Lọ́jọ́ kan mo kàn ṣí apá ìsìnkú nínú ìwé ìjọ náà. Mo rí i níbẹ̀: David, oko kan náà, ọmọ ọdún méjì, wọ́n sin ín. Ọmọ tí mo sọ di baba ńlá fún ìyá ọkọ mi kò pé ọdún mẹ́ta láyé.

Ẹni Amẹ́ríkà yẹn rí ìrìbọmi kan tí orúkọ bá mu, ó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ènìyàn mọ́kànlélógún mìíràn ti dà á kọ tẹ̀ lé e. Mo kọ lẹ́tà sí i, kò dáhùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ọmọ kan di baba, ẹ kọ́kọ́ wá a láàárín òkú. Ẹ ka ìsìnkú ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ìrìbọmi yẹn. Wọ́n sì máa ń fi orúkọ ọmọ tó kú sọ èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ lè bá David méjì pàdé lábẹ́ bàbá kan.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ wo àwòrán ìwé náà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ojú ẹnì kan ló kà á, ẹni náà sì lè má mọ Llangeitho yàtọ̀ sí Lagos.

* * *

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, èdè Welsh kọ́ ni ìṣòro. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìjọ Áńgílíkà ní Wales, àní níbi tí kò sí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ju àlùfáà lọ. Àwọn kan tó ti pẹ́, ṣáájú 1733, Látìnì ni: “filius” ni ọmọkùnrin, “filia” ni ọmọbìnrin, “sepultus” ni pé wọ́n sin ín. Ó tán. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìtẹ́ òkú ni Welsh máa kò yín lójú. “Er cof am” ni ìrántí, “yr hwn a fu farw” ni ẹni tó kú, “hefyd” ni pẹ̀lú, “priod” ni ọkọ tàbí aya, “mab” àti “merch” ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ẹ lẹ èyí mọ́ ẹ̀yìn fóònù yín.

Ohun tó ń dààmú ènìyàn gan-an ni ọdún. Ṣáájú 1752, 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí. Ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní oṣù Kejì tí wọ́n kọ 1720 sí, 1721 ni lójú tiwa. Ìyá kan níbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gégùn-ún fún àlùfáà nítorí ó rò pé wọ́n ri ọmọ bọmi kí wọ́n tó gbé òbí rẹ̀ níyàwó.

* * *

Ẹnì kan ní bàbá ńlá ọkọ òun wà ní Ceredigion nínú ìkànìyàn 1881, kò sí níbẹ̀ nínú ti 1891, kò sì sí nínú ìwé ìsìnkú. Mo bi í pé ṣé ó ti wo London. Kò tíì wò ó.

Ẹ wò ó. Àwọn ará Ceredigion pọ̀ nídìí òwò wàrà ní London débi pé a lè fi wọ́n wé àwọn Ìjẹ̀bú nídìí aṣọ. Àwọn baba wọn ló ń da màlúù lọ sí ọjà England tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Tregaron ní 1866, ìrìnàjò wá rọrùn. Wọ́n á gba ilé ìtajà wàrà, wọ́n á ránṣẹ́ sílé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n á kọ́ ṣápẹ́lì Welsh sí London. Bí kò bá sí ní London, ẹ lọ wo Rhondda, ibi èédú. Ìkànìyàn ọdún 1911 dára fún irú èyí, torí ó béèrè ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kú.

Mo ti lọ jìnnà sí ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká padà.

* * *

Lórí owó: kò sí ohun tó ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. FamilySearch, ìkànnì tí ènìyàn ti ń wá ìwé ìran ẹbí, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwé ìpíngún tí wọ́n fọwọ́ sí ní àwọn ilé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Wales ṣáájú 1858, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì ilé ìkàwé Aberystwyth. Àgbẹ̀ kékeré náà ń kọ ọ́, màlúù mélòó, bẹ́ẹ̀dì wo ni ti ta ni, ọmọ wo ló gba ṣílè kan péré. Àwọn ìwé ìròyìn Wales àtijọ́ náà, ọ̀fẹ́. Bó bá di ìkànnì olówó, ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìlú yín kí ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ kí ènìyàn lò ó níbẹ̀ láìsanwó.

Lórí itọ́ inú ike tí wọ́n ń fi ṣe DNA: ó lè sọ fún yín pé ẹ àti ẹnì kan ní Pennsylvania bára tan. Kò lè sọ fún yín èwo nínú àwọn John Jones ni. Ẹni tó bá sì sọ pé ẹbí ọkọ yín ti ọ̀dọ̀ ọba Wales wá, ẹ ní kó fi ìwé ìrìbọmi hàn yín.

* * *

Oníbéèrè ti padà wá! Ó ní ìyá ọkọ òun rí fọ́tò òkúta sàréè kan nínú Bíbélì àtijọ́. Ó kà á fún wa: “Er cof am John Jones”, orúkọ oko kan tẹ̀ lé e, “yr hwn a fu farw” ní 1871, ẹni ọdún 68. “Hefyd Mary, priod yr uchod”, ìyẹn Mary pẹ̀lú, aya ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè. Mi ò ní kọ orúkọ oko yẹn síbí, ti ẹbí wọn ni.

Àbúrò mi, orí yín ti bá yín ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹni ọdún 68 ní 1871, nǹkan bí 1803 ni wọ́n bí i. Ìyẹn ṣáájú 1813, nítorí náà ìrìbọmi rẹ̀ lè má sọ oko kankan, ẹ má tíì lọ síbẹ̀. Ìdí àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrìbọmi wọn ti bọ́ sí ẹ̀yìn 1813, a máa ní bàbá, ìyá, oko àti iṣẹ́, a sì máa mọ̀ bóyá Mary kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àkọ́bí wọn bá ti dé kí 1837 tó pé, inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbéyàwó wọn máa wà, ṣápẹ́lì ni wọ́n ń lọ o, kì í ṣe ṣápẹ́lì o. Ẹ kọ orúkọ ẹlẹ́rìí méjèèjì sílẹ̀.

Nínú ìkànìyàn 1841, bí ẹ bá rí i pé ẹni ọdún 35 ni wọ́n pè é, ẹ má sọ pé òun kọ́. Àwọn tó lé ní ọdún 15, wọ́n ní kí wọ́n gé ọjọ́ orí wọn sẹ́yìn sí ìlọ́po márùn-ún, 37 àti 38 á sì di 35. Ìkànìyàn 1851 ló máa sọ ìjọ tí wọ́n ti bí i. Ó lè má jẹ́ Llangeitho rárá. Ìjọ yẹn la máa wá lọ báyìí fún ìrìbọmi nǹkan bí 1803, a ó sì máa wá John ọmọ John, kì í ṣe Jones.

Bí ẹ bá rí ojú ìwé 1841 náà, ẹ kà á síbí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilé méjì tó ṣáájú tiwọn àti méjì tó tẹ̀ lé e.